Kò Sẹ́ni Tó Tì Mí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, kí n tó tún rí àwáwí tí n kò fi ní sọ ọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ òsì mi yìí, èyí tí mo ń wọ́ káàkiri ìlú láti ìgbà ọmọge mi, kì í ṣe Tong Guizhi ló ṣẹ́ ẹ. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ fúnra mi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà mí. Àìsàn kankan kò ṣe mí, mo ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa. Ohun tó ń ṣe mí ni pé mo ti jẹ oore obìnrin yẹn pẹ́ jù, orí irọ́ ni mo sì ti ń jẹ ẹ́. N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Tíṣà Meng tó kọ́ wa ní eré mọ̀ ọ́n sọ gan-an, ẹ ó sì rí ibi tó gbé wa dé.

Luan Shumei ni orúkọ mi. Ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú ni wọ́n bí mi sí, ní àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí odò ti máa ń dì débi pé ọkọ̀ ẹrù á máa gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà èwe wa, ọmọbìnrin tí kò bá fẹ́ máa ṣa èédú tó jábọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, bàtà onírin ló ń wọ̀, tí á máa sáré lórí yìnyín, bóyá àwọn tó ń ṣa eléré fún ìpínlẹ̀ á rí i kí wọ́n sì mú un lọ. Eré tiwa kì í ṣe ti ọ̀nà gbọọrọ. Ojú yìnyín kékeré kan ni a ń yí po, a ó sì máa tẹ̀ sápá òsì ní kọ́nà títí ọwọ́ òsì yóò fi máa ra yìnyín. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà ló yá jù nínú rẹ̀. Kí èèyàn tó mí kanlẹ̀, ó ti parí. Tí ẹnìkan bá wà níwájú rẹ, o lè gba ìta kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìta jìn. O sì lè gba inú, láàárín òun àti àwọn rọ́bà dúdú kéékèèké tí wọ́n tò sí kọ́nà. Àyè ibẹ̀ kò ju kí èèyàn fi ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ. Ní gbogbo ìlú wa nígbà náà, Guizhi nìkan ló mọ inú gbà.

Ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ibùsùn bíríkì kan náà la jọ ń sùn sí nílé tí wọ́n kó àwa eléré sí. Iná máa ń gba abẹ́ ibùsùn náà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ kejì a máa tutù bí òkúta. Ẹ̀gbẹ́ tó tutù ni Guizhi máa ń sùn sí. N kò bẹ̀ ẹ́ rí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwa fúnra wa la máa ń da omi gbígbóná sórí yìnyín kí ó lè jọ̀lọ̀, òun ló sì máa ń jí mi. Á ní, "Shumei, dìde jàre. Omi ti hó. Àbí o fẹ́ kí n da tìẹ sórí bẹ́ẹ̀dì?" Mo dúpẹ́ fún ẹ̀gbẹ́ gbígbóná yẹn báyìí. Nígbà náà, mo rò pé ẹ̀tọ́ mi ni.

Òfin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ tó lè mọ bí ìwà mi ti burú tó. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, àwa mẹ́rin la máa ń sáré pọ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ ló sì ń tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá ṣubú fúnra rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ láìṣẹ̀ ẹ́, ilé náà ló ń lọ. Ṣùgbọ́n tí o bá wà ní ipò kejì, tí ẹlòmíràn sì tì ọ́ ṣubú, adájọ́ eré á lé ẹni náà jáde, á sì gbé ọ lọ sí àṣekágbá. Ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó sàn kí wọ́n tì í. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rò ó fúnra mi, mo sì pa á mọ́ sínú bí ẹní pa oúnjẹ mọ́.

Ìdíje ìpínlẹ̀ bọ́ sí ìlú wa lọ́dún náà. Èmi àti Guizhi bọ́ sínú eré kan náà, pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tó wá láti olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ìka mi ti kú fún òtútù, Guizhi ló kúnlẹ̀ so okùn bàtà mi fún mi. Ó ní, "Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí àṣekágbá o. Ọmọ olú-ìlú yẹn á ṣáájú wa, jẹ́ kó máa lọ. Tó bá di ìyípo tó kẹ́yìn, á ti rẹ̀ ẹ́, á ṣí inú sílẹ̀. Èmi á wọlé, ìwọ á bọ́ sẹ́yìn mi." Mo ní, "Tí kò bá wá ṣí i sílẹ̀ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Á ṣí i. Ẹni tó bá mí bí ẹṣin bẹ́ẹ̀ yẹn kò lè tẹ̀ dáadáa ní kọ́nà."

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ọmọ olú-ìlú ló wà níwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e, Guizhi tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a wọ ìyípo tó kẹ́yìn, ẹni iwájú gba ìta díẹ̀, inú sì ṣí sílẹ̀. Mo rí i, ẹ̀rù bà mí, n kò wọ ibẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ irin bàtà Guizhi lápá òsì mi. Ó ń kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ra ìbàdí mi fẹ́ẹ́rẹ́, bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń kan èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Ó sì kígbe pé, "Bọ́ sẹ́yìn mi!" Mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ariwo pọ̀ tí n kò fi gbọ́. Ó ń ṣí ọ̀nà fún àwa méjèèjì, gbogbo ohun tó kù fún mi kò ju kí n tẹ̀ lé e lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé mo ti di ẹni kẹta. Mo wá fa àgbọ̀n mi mọ́ àyà, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo sì jẹ́ kí ara mi lọ.

Gbogbo ẹni tó bá ń sáré lórí yìnyín ni wọ́n ń kọ́ ní bí a ti ń ṣubú: fa àgbọ̀n mọ́ àyà, gbé irin bàtà sókè kó má baà gé ẹlòmíràn, kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tì lóòótọ́ kì í ráyè ṣe é tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti lọ kó tó rántí àgbọ̀n. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀n mi ló kọ́kọ́ lọ. Mo ṣubú dáadáa jù. Mo rò pé màá kàn fi ìdí wọ́ lọ sí ìdí ògiri, kí n dìde, kí n gbọn yìnyín nù, kí adájọ́ sì gbé mi lọ sí àṣekágbá. N kò rántí pé àwọn fóòmù tí wọ́n tò ti ògiri ti mu omi láàárọ̀, omi náà sì ti dì. Ó dà bí ìgbà tí mo sọ ara mi lu pátákó. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Guizhi ti wà níwájú gbogbo wọn. Ìlà ìparí kò jìnnà sí i. Ó wẹ̀yìn, ó rí mi nílẹ̀, ó sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fi eré sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi tì mí lórí. Ó ní, "Shumei, èmi ni, àbí? Ṣé ọwọ́ mi ni?" Ojú rẹ̀ wà nínú ojú mi. Mo ní, "Ọwọ́ yín ni, ẹ̀gbọ́n."

Tíṣà Meng wá bá mi ní ọsibítù. Ó lé àwọn tó wà níbẹ̀ jáde, ó jókòó, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Mo rí àgbọ̀n ẹ." Mo kọjú sí ògiri. Ó ní, "Adájọ́ kò rí i. Èmi náà kò rí i mọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ìlú yìí lè fi ẹni tó fara pa nítorí ìlú ṣògo. Kí ni kó fi òpùrọ́ tó fara pa ṣe? Wọ́n á fún ẹ níṣẹ́ nínú ilé, níbi tí iná wà." Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n Guizhi wá ńkọ́?" Ó dìde, ó wọ fìlà rẹ̀. "Guizhi lágbára. Á rù ú." Ẹ wò ó, mo lè di gbogbo rẹ̀ ru Meng, ó ti kú, kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n Meng kò fa àgbọ̀n mi mọ́ àyà fún mi. Ohun tó ṣe ni pé ó bá mi ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo sì fà á dé.

Mo ti dé ibi tó burú jù báyìí, kì í sì í ṣe ìṣubú náà. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ á bọ́ bàtà rẹ̀, á gbé e dání lọ́wọ́ méjèèjì, á dúró lórí yìnyín pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n gbé mi wá lórí àga, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mi. Guizhi jáde. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí Meng kọ́ ọ, pé òun fẹ́ràn ara òun ju ẹgbẹ́ lọ, pé ojú kòkòrò ló mú òun gba inú. Ọ̀rọ̀ ńláńlá. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó sọ tara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ẹ ì bá jẹ́ tèmi, Shumei. Ṣé o lè dárí jì mí?" Gbogbo ojú yíjú sí mi. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ yìnyín. Mo sì la ẹnu mi yìí, mo ní, "Mo dárí jì yín, ẹ̀gbọ́n." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn kan sunkún, wọ́n ní ọmọ oníwà pẹ̀lẹ́ ni mí. Ẹni tí mo parọ́ mọ́ ni mo dárí jì! Mo ti gbọ́ ìtàn olè àti ti apànìyàn, n kò tíì gbọ́ èyí tó jọ tèmi.

Ìpínlẹ̀ kò gba Guizhi mọ́. Gbogbo ìlú ń pè é ní Ọlọ́wọ́ Irin, àwọn ọmọdé ń sá fún un ní ọ̀nà. Òun wá ni ó pọ̀n mí sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà òtútù náà, lọ sí ilé ìgbẹ́ tó wà ní ìta, nínú yìnyín tó dé orúnkún. Òun ló ń fọ irun mi. Ó ń gbé li wá fún mi, èso tí a máa ń jẹ́ kó dì títí á fi dúdú bí èédú, tí a ó wá rì sínú omi tútù kí yìnyín inú rẹ̀ lè jáde. Á fà á ya fún mi, á ní, "Mu omi rẹ̀, ó ń tún egungun ṣe." Kò sí ìgbà òtútù kan láti ìgbà náà tí kò gbé li wá. Mo lọ́kọ, mo bímọ, ọkọ mi kú, irun wa funfun, li kò dáwọ́ dúró. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ó dùn, mo sì ń mu ún.

Èmi ń pín bàtà ní ojú fèrèsé pápá yìnyín. Guizhi bẹ̀rẹ̀ láti orí omi dídà sórí yìnyín, títí wọ́n fi ní kó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Bí àwọn ọmọ tuntun bá dé, á kó wọn wá sí ojú fèrèsé mi. Á ní, "Shumei, jọ̀ọ́, ká ṣòkòtò ẹ sókè fún wọn." Màá ká a sókè. "Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ọwọ́ mi ṣe nìyí. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹnikẹ́ni kì í gba inú." Àwọn ọmọ á wo àpá náà, wọ́n á wò mí bí ẹni mímọ́. Mo sì kíyè sí i pé kì í fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọmọ kankan lẹ́yìn níbi ìdánrawò, bí àwọn tíṣà yòókù ṣe ń ṣe. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń lò. Mo rí i, mo sì ń to bàtà mi lọ.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Hanlu, wá bá mi ní fèrèsé. Ọjọ́ ìdíje ni, ó ku àṣekágbá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà. Ọmọ náà yára ju bí àwa ṣe yára lọ, ṣùgbọ́n ìta ló máa ń gbà, ẹ̀yìn ló sì máa ń kù sí. Mo ti gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, àyà ni kò sí." Hanlu fi àgbọ̀n lé pákó fèrèsé. "Màmá Luan, ẹ má bínú o. Ṣé ẹsẹ̀ yín ṣì máa ń dùn yín?"

"Bí yìnyín bá fẹ́ rọ̀ ni. Kí ló dé?"

"Inú ṣí sílẹ̀ fún mi nínú eré àárọ̀ yìí. Mo rí i kedere. Mo wá rántí ẹsẹ̀ yín, mo sì gba ìta. Mi ò fẹ́ sọ ọmọ ẹlòmíràn di bíi tiyín." Ó nu imú. "Tíṣà ní mo ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò ní mú mi, Màmá. Bàbá mi ní tí wọn ò bá mú mi lọ́tẹ̀ yìí, kí n kó bàtà náà dànù."

N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Gbogbo ọdún yẹn mo rò pé Guizhi nìkan ni mo jí nǹkan rẹ̀. Àṣé mo ti ń jí tàwọn ọmọ náà, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń jí i. Mo ti fèrèsé, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sórí yìnyín. Guizhi wà ní kọ́nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń da omi sí ojú ibi tí irin bàtà ti ha. Mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e dání lọ́wọ́ méjèèjì, mo dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

"Shumei! Orí ẹ dà rú ni? Wọ bàtà ẹ, àgbàlagbà, ẹsẹ̀ ẹ á dì mọ́bẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó dì, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tì mí."

"Ta ló tì ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo fa àgbọ̀n mọ́ àyà, mo ṣubú fúnra mi. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ní kí n bọ́ sẹ́yìn yín. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni." Hanlu àti àwọn ọmọ yòókù wà létí ògiri, wọ́n ń gbọ́.

Guizhi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Àgbọ̀n ẹ ló ṣáájú?"

"Òun ló ṣáájú."

"Kí ọwọ́ mi tó kàn ẹ́?"

"Ọwọ́ yín kò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn kọjá ni."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Ó wo ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún. Mo ń retí ìgbájú. Ó ní, "Mo wá ń pọ̀n ẹ́ lọ ṣe ìgbẹ́ kiri nínú òtútù yẹn lásán?"

"Lásán ni, ẹ̀gbọ́n."

"O sì wúwo!" Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò tún wò mí mọ́. Ó rìn lọ bá Hanlu, ó ní, "Ṣé o gbọ́? Ó dára. Tí o bá rí inú tó ṣí sílẹ̀, wọlé. Má ti ẹnikẹ́ni, má sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọlé." Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ọmọ náà lẹ́yìn, ó sì tì í sórí yìnyín.

Nínú àṣekágbá náà, ìyípo tó kẹ́yìn ni inú ṣí. Hanlu wà ní ipò kẹta, ọmọ kan tó wọ aṣọ búlúù wà níwájú rẹ̀. Hanlu wọlé. Mo rí i tí apá rẹ̀ ra ìbàdí ọmọ aláṣọ búlúù náà, níbi tí ti Guizhi ti ra tèmi gan-an. Ọmọ náà yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn. Mo dì mọ́ ògiri. Àgbọ̀n rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ó bú Hanlu ní èébú tó tóbi, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ padà, ó sì ń sáré bọ̀. Hanlu ṣe ìkejì, òun ṣe ìkẹta. Wọn ò tíì dúró tán tó fi kígbe pé, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Hanlu ní, "Jọ̀ọ́, má bínú!" Ó ní, "Má bínú ni màá jẹ? Dúró dè mí lọ́dún tó ń bọ̀!" N kò mọ orúkọ ọmọ aláṣọ búlúù yẹn títí dòní. Òun ni mo sunkún fún. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, ó pàdánù, ó sì wà lórí ìdúró. Ọmọ, níbikíbi tí o bá wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ mú Hanlu. Guizhi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, n kò sì lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀bẹ̀ mi ì bá tún jẹ́ kó máa tọ́jú mi. Àfi ìgbà tí òtútù ọdún yìí dé, tó fi ọwọ́ gbá fèrèsé mi. Ó gbé ike kan sórí pákó. Li ló wà nínú rẹ̀, dúdú kirikiri. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lẹ́nu láti gbà á."

"Ẹnu ẹ wà níbẹ̀, òun lo fi parọ́. Fi mu ún." Ó gbé ọwọ́ lé ike náà, kò tíì jù ú sílẹ̀. "Ohun kan tún wà. Ìdáríjì tí o fún mi lórí yìnyín lọ́jọ́ yẹn. Kò wúlò fún mi mọ́. Mo dá a padà fún ẹ. Tìẹ ni." Ó ti yí ẹ̀yìn padà kí n tó lè dáhùn.

Ẹ̀yin ará ìlú wa, ẹ má pe obìnrin náà ní Ọlọ́wọ́ Irin mọ́. Èyí nìkan ni mo ń bẹ̀ yín. Ìdáríjì tèmi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì ń dúpẹ́. Àwọn ọmọ tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Guizhi sì kó wọn wá bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Shumei, ká a sókè fún wọn." Mo ká ṣòkòtò mi sókè. Ọ̀kan tó kéré jù nínú wọn bi mí pé, "Màmá, ta ló tì yín?" Mo wo Guizhi, ó ń wo òkè ilé bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó tì mí, ọmọ mi. Tí wọn ò bá tì ẹ́, má ṣubú."